Ìdí Tí Àgùntàn Wales Fi Mọ Òkè Tirẹ̀ Láìsí Ọgbà

Nígbà láéláé, àgùntàn ilẹ̀ Wales kò mọ òkè tirẹ̀. Pátákó ààlà tó wà létí odò ni wọ́n ń wò. Bí a bá kọ "Àgbègbè Òkè" sí i, àwọn àgùntàn òkè á dúró jẹko. Bí a bá kọ "Àgbègbè Odò" sí i, wọ́n á ṣẹ́rí padà.

Ìgbìmọ̀ àwọn ẹyẹ ló ń pín àgbègbè. Lọ́dún kan, wọ́n pa méjèèjì pọ̀, wọ́n pè é ní Àgbègbè Àárín. Lọ́dún kejì, wọ́n tún un pín, ṣùgbọ́n wọ́n gbé ààlà kúrò létí odò, wọ́n gbé e gba orí òkè kọjá.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni Kanakáná, akọ̀wé ìgbìmọ̀, da Ifor, ọmọ àgùntàn kan, sínú ọgbà ẹran tó ṣáko. Nesta, ìyá rẹ̀, sáré débẹ̀.

"Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, kí lọmọ mi ṣe?"

"Ó kọjá ààlà, Ìyá Ifor."

"Kò gbẹ́sẹ̀ láti àárọ̀!"

"Ààlà ló kọjá rẹ̀. Ọ̀kan náà ni lójú òfin."

Ọ̀rọ̀ náà rú Nesta lójú. "Ta ló wá ṣáko, ọmọ ni àbí ààlà?"

"Àgbègbè wo lẹ ti wá?"

"Òkè."

"Ti àtijọ́ ni àbí ti òní?"

"Àárín ńkọ́?"

"A ti tú u ká."

"Odò nígbà náà."

"Ṣé ẹja ni yín?"

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọgbà. Lójú òfin, ẹran tí a kò bá mọ ilé rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, ti Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni. "Ẹ má kánjú o, Ìyá Ifor," ó ní. "Ara mi balẹ̀."

Nesta wo oòrùn. "Orúkọ àgbègbè ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n abẹ́ àpáta kan ni mo bí i sí. Òjò kì í débẹ̀, koríko ibẹ̀ sì korò díẹ̀. Ẹ ṣílẹ̀kùn fún un. Bó bá dúró síbòmíràn, ẹ fi fún Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀."

Kanakáná ṣílẹ̀kùn. Ifor dúró gbagidi, ó ń wá pátákó kiri.

"Má wo pátákó!" Nesta ké. "Gbóòórùn ilẹ̀!"

Ifor tẹ imú sílẹ̀. Ó lọ síhìn-ín, ó lọ sọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà ó gba orí òkè lọ tààrà, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ àpáta kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ koríko kíkorò.

Kanakáná yẹ ìwé rẹ̀ wò, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó tún un yẹ̀ wò. "Ilé rẹ̀ nìyẹn," ó ní. "Àgbègbè rẹ̀ ni n kò mọ̀."

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ pòṣé, ó bá tirẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà ni abo àgùntàn orí òkè Wales ti ń mú ọmọ rẹ̀ yí òkè ká kí ó tó já a lẹ́nu ọmú. Kò sí ọgbà níbẹ̀, síbẹ̀ wọn kì í ṣìnà. Bí ẹ bá sì bi wọ́n ní àgbègbè tí wọ́n ti wá, wọ́n á kàn tẹrí ba, wọ́n á máa jẹko lọ.