Òpó Ọlọ́dà Pupa

Ọkùnrin kan wà tí àwọn atukọ̀ ìlú kan fi ṣe olórí èbúté wọn. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń yan olórí, lórí iyanrìn, kálukú á tò sẹ́yìn ẹni tó wù ú. Àwọn àgbà sì ti ri òpó kan mọ́lẹ̀ létí odò, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí i lára. Bí omi bá dé ojú ọ̀dà, ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ kọjá, wọ́n á sì sún ọjọ́ yíyàn síwájú títí omi yóò fi fà.

Lọ́dún tí sáà rẹ̀ pé, omi kún lóòótọ́. Ó sún ọjọ́ náà síwájú, kò sí ẹni tó bá a jà, nítorí ohun tó tọ́ ló ṣe. Àmọ́ àga olórí ti dùn mọ́ ọn. Nígbà tí omi ń fà, ó ní ilẹ̀ ẹsẹ̀ òpó ti rọ̀, kí wọ́n bá òun sún un sápá omi díẹ̀. Wọ́n bá a sún un. Ibi tí wọ́n rì í sí, omi kì í kúrò lójú ọ̀dà níbẹ̀, àní nínú ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá. Bí wọ́n bá bèèrè ọjọ́ yíyàn, á nawọ́ sí òpó.

"Ṣé èmi ni mo ṣòfin ni? Ẹ ṣáà wò ó."

Àwọn atukọ̀ kò lè torí ìyẹn fi ebi pa ọmọ wọn. Wọ́n ń kọjá, òun náà sì ń wò wọ́n níran. Àgbà atukọ̀ kan bi í pé, "Olórí, lọ́jọ́ tí omi bá kún ní tòótọ́, kí la máa fi mọ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àbí ìwọ náà ti fẹ́ joyè ni?"

Nígbà tó yá, òjò ńlá rọ̀ lókè odò. Lọ́jọ́ náà, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ń bọ̀ láti òdìkejì, ó pọn ọmọ tuntun wá fi han bàbá rẹ̀. Ọkùnrin náà rí bí omi ṣe ń ru. Ó sáré sétí odò, ó ń ju ọwọ́, ó ń nawọ́ sí òpó, ó ń pariwo kí wọ́n dúró. Atukọ̀ tó gbé ọmọbìnrin náà wo òpó láti òdìkejì. Omi ti bo ọ̀dà, bó ṣe máa ń bò ó lójoojúmọ́. Ó wa ọkọ̀ rẹ̀ sódò.

Wọ́n rí ọkọ̀ náà lọ́jọ́ kejì. Wọn kò rí ìyá, wọn kò rí ọmọ.

Nígbà tí omi fà, bàbá yìí fọwọ́ ara rẹ̀ hú òpó náà, ó gbé e léjìká, ó ń wá ibi tí àwọn àgbà rì í sí. Omi ti gbá ilẹ̀ ibẹ̀ lọ. Ó jókòó ti òpó, ó ń sunkún bí ọmọdé, kò sì sí ẹni tó lè bá a wí mọ́.

Ẹ̀yin agbẹjọ́rò ìjọba, ẹ̀yin ni mò ń sọ fún. Ẹ ní òfin fàyè sílẹ̀ láti sún ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ síwájú, bí ogun bá dé, tàbí omíyalé, tàbí àjàkálẹ̀ àrùn. Òótọ́ ni, òpó rere sì ni. Ohun tó ń dùn mí ni ibi tí ẹ sún un lọ, tó fi jẹ́ pé kò sí ọdún tí omi kò bò ó, tí ẹ kò rí ìdí láti sún ìdìbò síwájú. Lọ́jọ́ tí àjálù bá dé lóòótọ́, tí ẹ nawọ́ sí òfin yẹn, tí ẹ ń bẹ ará ìlú pé kí wọ́n dúró, ta ni yóò gbà yín gbọ́? Ẹ lọ dá a padà, nígbà tí ẹ ṣì rántí ibi tó wà.