Ìtẹ̀ka Tí Àlejò Fúnra Rẹ̀ Mú Wá

Ọkùnrin kan wà tí ìyàwó rẹ̀ kú, tí ó fi ọmọbìnrin kan ṣoṣo sílẹ̀ fún un. Nígbà ayé obìnrin náà, ó máa ń gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀: á ki ọmọ rẹ̀, á kọrin, á rẹ́rìn-ín. Inú kọ̀ǹpútà ni ọkọ kó àwọn ohùn náà pamọ́ sí. Ọmọ ti lọ kàwé ní ìlú mìíràn, bàbá nìkan ló kù nílé, ohùn yìí ló sì fi ń tu ara rẹ̀ nínú.

Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà náà bẹ̀rẹ̀ sí í dákú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe sọ fún un pé kó wá ètò tuntun tí ẹ̀rọ náà yóò máa fi ṣiṣẹ́, pé wọ́n ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀rẹ́ náà ní, "Ètò yìí ní ìtẹ̀ka o. Òǹkà gígùn kan ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fọwọ́ kan ètò náà, òǹkà yìí á yí padà. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é gan-an ni kó o ti gba ìtẹ̀ka, kó o fi wé èyí tó bá dé ọwọ́ rẹ."

Ọkùnrin náà rí ìkànnì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó jọ ti àwọn tó ṣe ètò náà. Ó gba ètò níbẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀ kan náà, wọ́n kọ ìtẹ̀ka sí i. Ó fi wé tirẹ̀, ó bá a mu rẹ́gí. Ó yin ara rẹ̀, ó lọ jẹun. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Kò bi ara rẹ̀ léèrè pé ta ló kọ ìtẹ̀ka náà síbẹ̀.

Kọ̀ǹpútà jí, ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Ṣùgbọ́n iná kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú tó fi ń ya fọ́tò kì í kú mọ́. Bí ọkùnrin náà bá pa ẹ̀rọ dé, iná náà á máa yọ lẹ́tí ìdérí. Lọ́jọ́ kan, ní ọ̀sán gangan, ó jókòó tì í láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Ọfà ojú ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn fúnra rẹ̀. Ó ń rìn jẹ́jẹ́, bí ẹni tó mọ inú ilé, ó sì ṣí ibi tí ohùn olóògbé wà. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀rọ lásán ni, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kò pẹ́ sígbà náà, fóònù ọmọ dún ní ìlú tó ti ń kàwé. Ohùn ìyá rẹ̀ ni.

"Àwẹ̀ró mi, mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Jáde wá."

Obìnrin náà kò sọ irú ọ̀rọ̀ yìí sínú kọ̀ǹpútà rí. Àwọn tó ba ètò náà jẹ́, tí wọ́n sì fúnra wọn kọ ìtẹ̀ka rẹ̀ sí ìkànnì yẹn, ti jí ohùn rẹ̀ kó, wọ́n jí nọ́ńbà ọmọ, wọ́n sì ti fi ẹ̀rọ sín ohùn òkú jẹ, wọ́n ń fi sọ ohun tó wù wọ́n. Ọmọ náà fẹ́ dáhùn, nítorí ó pẹ́ tí àárò ìyá rẹ̀ ti ń sọ ọ́. Àmọ́ ìyá yẹn kan náà ló kọ́ ọ láti kékeré pé bí wọ́n bá pè é tí kò rí ẹni tó pè é, kò gbọdọ̀ dáhùn. Ó ti ilẹ̀kùn, ó kígbe pe àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ilé náà. Nígbà tí wọ́n jáde, wọn kò bá ẹnikẹ́ni, àfi ọkọ̀ kan tí kò ní nọ́ńbà, tó ń rọra kúrò níta.

Títí di òní, bí bàbá bá pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, ọmọ náà kì í fọhùn. Á pa fóònù, á wọkọ̀, á wá wo ojú bàbá rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Èyí ń dun bàbá náà ju ikú ìyàwó rẹ̀ lọ.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, o fẹ́ fa ọmọ rẹ lé ọkọ lọ́wọ́. O ní o ti ṣèwádìí: o bi àbúrò àfẹ́sọ́nà ọmọ rẹ, o bi ọ̀gá rẹ̀, o bi aládùúgbò rẹ̀, ẹnu gbogbo wọn sì kò. Mo gbọ́. Ta ló mú ọ lọ bá wọn, bí kò ṣe òun fúnra rẹ̀? Dìde, gba ọ̀nà mìíràn lọ sí ìlú rẹ̀, kí o bi ẹni tí kò mọ̀ pé ò ń bọ̀.