Bí Ẹṣin Ṣe Kọ́ Oorun Òòró

Nígbà láéláé, kí àwọn baba ńlá wa tó gbọ́ pé ilẹ̀ kan wà lókè òkun, ẹṣin kì í sùn lóòró rárá. Bí ó bá ti jẹun yó tán, yóò sùn gbalaja, yóò na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, yóò sì máa hanrun bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ pákó.

Ní ìgbà náà, ọba méjì wà ní ilẹ̀ àwọn Òyìnbó: Ọba Àríwá àti Ọba Gúúsù. Odò kan ló pààlà ilẹ̀ wọn, afárá tóóró kan ṣoṣo ló sì wà lórí odò náà. Lọ́jọ́ kan, àwọn méjèèjì pàdé láàárín afárá.

"Yà fún mi," Ọba Àríwá wí.

"Èmi? Kí n yà fún ta ni?" Ọba Gúúsù dáhùn.

Kò sẹ́ni tó yà. Oòrùn là, oòrùn wọ̀, ebi pa wọ́n. Wọ́n bá fi ìbínú padà sílé, wọ́n sì kéde ogun. Àwọn ọba ìtòsí náà gbè sẹ́yìn ọ̀rẹ́ wọn, ni ọ̀rọ̀ afárá bá di ogun tó kan gbogbo ilẹ̀ náà.

Ọba Gúúsù ní ọ̀wọ́ ẹṣin tó dára. Gẹ́rítà ni olórí wọn, abo ẹṣin pupa kan tó ní ọmọ kékeré nínú ìlú ọba. Balógun Ọ́sífálì ló ń gùn ún, ọkùnrin sísanra tí irunmú rẹ̀ gùn dé etí.

Ibi afárá ni wọ́n ti kọ́kọ́ jà. Àwọn ọmọ ogun Àríwá dé lọ́sàn-án gangan, nígbà tí àwọn ẹṣin ti sùn lọ fọnfọn. Kí wọ́n tó yí ara padà, kí wọ́n tó na ẹsẹ̀ iwájú, kí wọ́n tó gbé ìdí nílẹ̀, àwọn ọ̀tá ti gba afárá, wọ́n sì ti jẹ gbogbo ọbẹ̀ tí àwọn ará Gúúsù sè sílẹ̀!

Balógun fi ìbínú pariwo pé, "Láti òní lọ, ẹṣin kankan kò gbọdọ̀ sùn mọ́!"

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni wọn kò fi fojú kan oorun. Lọ́jọ́ karùn-ún, ogun tún le ní Òkè Àjàrà. Fèrè dún, àwọn ẹṣin bẹ́ síwájú, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń sáré ni oorun ń gbé wọn lọ. Gẹ́rítà sáré wọ inú oko àjàrà pẹ̀lú ojú dídì, ó sì sọ Balógun sínú àgbá ńlá tí wọ́n ti ń fún èso. Nígbà tí Balógun yọrí jáde, irunmú rẹ̀ ti di elésè àlùkò.

Àwọn ará Gúúsù tún sá. Ìlú ọba nìkan ló wá kù lẹ́yìn wọn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Gẹ́rítà lọ mu omi ní irà tó wà lẹ́yìn odi ìlú, ó sì bú sẹ́kún. "Mo sùn, a sá. N kò sùn, a sá. Ọmọ mi wà nínú ìlú yìí. Kí ni kí n ṣe?"

"Kọ́kọ́ dákẹ́ ná. Ò ń lé ọ̀pọ̀lọ́ mi sá," ohùn kan wí.

Àkọ̀ ni, ẹyẹ funfun ẹlẹ́nu gígùn nì tó máa ń fò wá sílẹ̀ wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹsẹ̀ kan ló fi dúró, ojú rẹ̀ sì wà ní dídì.

"Ẹ jọ̀ọ́, màmá, ṣé ẹ ń sùn ni?" Gẹ́rítà bi í.

"Mo ń sùn kí o tó dé."

"Lóòró?"

"Ta ni yóò dùbúlẹ̀ sínú irà?"

Gẹ́rítà kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi. Àmọ́ n kò ní nǹkan tí n ó fún yín, àfi pátákò mẹ́rin."

Àkọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ohun tí mò ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Bí o bá ń rìn nínú koríko, pátákò rẹ a máa lé tata jáde. Jẹ́ kí n máa tẹ̀lé ọ kí n máa ṣà á jẹ, má sì ta mí nípàá."

"Mo gbà, màmá."

Gẹ́rítà bá gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta sókè lẹ́ẹ̀kan náà, kó lè fi ẹsẹ̀ kan dúró bí àkọ̀. Gbìì! Ẹrẹ̀ bo àwọn méjèèjì.

"O ti wúwo jù fún ìyẹn," àkọ̀ wí, ó ń gbọn ìyẹ́. "Sinmi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan, kí mẹ́ta dúró. Ti orúnkún rẹ pa bí ẹni ti ilẹ̀kùn. Ó yá, mí kanlẹ̀."

Gẹ́rítà ṣubú sọ́tùn-ún, ó ṣubú sósì. Nígbà keje, orúnkún rẹ̀ dún kẹ́! Ó sùn lọ, kò sì ṣubú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó kọ́ àwọn ẹṣin yòókù. Balógun rí wọn tí wọ́n ń wó lulẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ìjì ń wó, ó ní, "Ṣé ẹ ti mu ọtí ni?"

Lọ́jọ́ kẹta, àwọn ọmọ ogun Àríwá dé ẹnubodè. Ọ̀sán gangan ni wọ́n tún mú. Amí wọn yọjú wò, ó rí àwọn ẹṣin tí ojú wọn dì.

"Wọ́n ti sùn!" ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Gbogbo wọn bá ń yọ́ bọ̀.

Etí Gẹ́rítà mì. Ó la ojú kan, ó la èkejì. Kò sí yíyí ara padà, kò sí gbígbé ìdí nílẹ̀. Ó sín, ó sì bẹ́ gìjà! Àwọn yòókù tẹ̀lé e. Àwọn ọ̀tá sọ ọ̀kọ̀ nù, wọ́n sọ bàtà nù, wọ́n sì sá gba inú irà. Ibẹ̀ ni Ọba Àríwá rì sí dé ìdí.

"Ẹ fà mí jáde," ó bẹ̀bẹ̀. "Mo ti gbà kí a mú afárá fẹ̀ sí i."

Ọba Gúúsù fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́ sí i. Ogun parí.

Gẹ́rítà sáré lọ bá ọmọ rẹ̀. Ó wù ú kó dùbúlẹ̀ tì í, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á pé ọ̀tá lè dé kí òun tó dìde. Ni ọ̀kan nínú àwọn ẹṣin Àríwá bá wọlé wá, ó ní, "Kọ́ èmi náà ní oorun òòró, ìyá. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, màá dúró ṣọ́ ọ." Gẹ́rítà kọ́ ọ, lẹ́yìn náà ló dùbúlẹ̀ ti ọmọ rẹ̀, tó sùn díẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ẹṣin ti ń sùn lóòró, tí yóò sinmi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan, tí mẹ́ta yóò dúró. Bí ẹ bá sì rí ẹṣin kan tó dùbúlẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ wò yíká dáadáa. Ẹ ó rí òmíràn nítòsí, tó dúró, tó ń ṣọ́ ọ.