Ẹ̀yìn Tó Gbé Àwẹ̀ró Pọ̀n

Ìtìjú ni ẹrù tí Àwẹ̀ró olórin gbé wọ ilé Ẹfúntóyìn, ìyá arúgbó tó ń da owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún wò fún àwọn ará Ìsẹ́yìn. Ohùn tí ayé fi mọ̀ ọ́n ti há sí i lọ́fun. Bó bá ti kan ibi tó ti ń ki oríkì nínú orin rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù, ọ̀fun rẹ̀ a dí pa, a sì máa làágùn níwájú èrò. Ó lá oyin, ó mu àgbo, ó lo oògùn òyìnbó, pàbó ló já sí.

Bẹ́ẹ̀, àsìkò tó yẹ kó máa yọ̀ nìyí. Ó ti kọ ìwé nípa ayé ara rẹ̀: bí ìyá rẹ̀ ṣe kú nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, bí orogún ìyá rẹ̀ ṣe ń febi pa á, tó sì tì í síta nínú òjò, àti bó ṣe dá jìyà títí ó fi dolókìkí. Ìwé náà tà wàràwàrà. Gbólágadé, olùdarí eré, ti fi í ṣe sinimá, gbọ̀ngàn ìlú Ìsẹ́yìn gan-an ni wọ́n sì fẹ́ kọ́kọ́ ṣe é sí.

Ẹfúntóyìn da owó ẹyọ sórí àtẹ, ó wò ó pẹ́. Ó ní: "Ẹni a gbé pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn. A dá a fún ọmọ tó gun ẹ̀yìn ẹlẹ́yìn lọ sọ́jà, tó dọ́jà tán, tó ní ẹsẹ̀ òun lòun fi rìn. Ọmọ mi, ìdílé wo ni bàbá rẹ?"

"Ọmọ Oníkòyí ni, ìyá."

"Ìyá tó bí ọ ńkọ́?"

"Ọmọ Olófà ni."

"Oríkì Ọ̀pómúléró lo sì ń ki nínú orin, oríkì àwọn tí aṣọ jẹ́ ogún ìdílé wọn. Kò ti ọ̀dọ̀ bàbá wá, kò ti ọ̀dọ̀ ìyá wá. Ta ló ń kì í fi rẹ̀ ọ́ lẹ́kún?"

Àwẹ̀ró wolẹ̀, ojú tì í. Ọlátóún, orogún ìyá rẹ̀, ni ọmọ Ọ̀pómúléró. Oríkì ilé ọkọ ni ìyàwó ilé fi í rẹ ọmọ, ṣùgbọ́n Ọlátóún kò bí, ó sì kó ti ilé bàbá tirẹ̀ náà lé ọmọ ọlọ́mọ lórí. Ìdí òfì tó ti ń hun kíjìpá ló ti ń pọ̀n ọ́n, ó hun ún títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì kí Àwẹ̀ró lè kàwé. Kò na ọwọ́ sí i rí. Àwọn tó tẹ ìwé ló ní orogún búburú ni òǹkàwé ń fẹ́, Àwẹ̀ró sì gbà, torí Ọlátóún kò mọ̀wé kà.

"Ẹyẹlé méjì, aṣọ funfun kan, àti ẹnu rẹ lẹbọ," Ẹfúntóyìn wí. "Kí sinimá náà tó yọ sójú ìlú, kí o kúnlẹ̀ fún ẹni tó gbé ọ pọ̀n níṣojú èrò, kí o sọ ohun tí o ṣe."

Àwẹ̀ró gbé ẹyẹlé wá, ó mú aṣọ wá. Ti ẹnu ló fi sílẹ̀, ó ní àgbà ń sọ̀rọ̀ bí àgbà. Ó kúkú bẹ Gbólágadé pé kó yọ orogún náà kúrò, ṣùgbọ́n onítọ̀hún rẹ́rìn-ín. "Bí a bá yọ ọ́, kí ló kù? Ta ni yóò sunkún?" Àwẹ̀ró bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ pé. Ọlátóún ró kíjìpá tó dára jù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń sọ fún ẹni tó bá pàdé lọ́nà pé, "Sinimá ọmọ mi ni," ó sì wá jókòó ti Àwẹ̀ró níwájú pátápátá. Nígbà tí orogún inú sinimá da oúnjẹ ọmọ sílẹ̀ fún ajá, gbogbo gbọ̀ngàn pòṣé, wọ́n ń ṣépè. Ọlátóún náà ṣépè. Ó nu ojú, ó di ọwọ́ Àwẹ̀ró mú.

"Ọmọ mi, obìnrin yìí mà burú o. Níbo lo ti bọ́ sí i lọ́wọ́ tí o kò sọ fún mi?"

Ilẹ̀ ì bá lanu, Àwẹ̀ró ì bá wọ̀ ọ́. Ó dìde, ó ní kí wọ́n dá sinimá dúró, ó sì kúnlẹ̀.

"Kò sí irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Ìyá mi yìí ló tọ́ mi. Mo parọ́ mọ́ wọn."

"Èmi ni wọ́n ń ṣépè fún?" Ọlátóún béèrè.

"Ẹ̀yin ni, ìyá mi."

Ọlátóún rọra yọ ọwọ́ rẹ̀, ó sì lọ sílé. Àwẹ̀ró tẹ̀ lé e, ó kúnlẹ̀ sídìí òfì. Ọlátóún jókòó sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Dìde, òwú mi ń bẹ lábẹ́ orúnkún rẹ."

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀fun Àwẹ̀ró ti là. Gbólágadé gbé sinimá rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn, ọ̀rọ̀ Ìsẹ́yìn ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀, ẹni tó wá wò ó kò tó nǹkan. Wọ́n ní ẹni tó rúbọ rí ire, ẹni tó pẹ̀gàn ẹbọ kábàámọ̀. Àwẹ̀ró rí ire, ó sì kábàámọ̀. Ó ń ki Ọ̀pómúléró káàkiri ayé báyìí, ó sì ń dárúkọ ẹni tó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bó bá ti fẹ́ dìde lọ korin, tó ní, "Ẹ ká lọ, ìyá mi," Ọlátóún a ní kó máa lọ, òun yóò gbọ́ ọ láti ilé.