Ọ̀bẹ Òkúta Tí Ọ̀bọ Jókòó Lé

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi dún kàn, ó dún kò, ó já lé Ọ̀bọ alárékérekè lórí.

Nígbà tí irin kò tíì sí láyé, Òkété nìkan ló mọ ọ̀bẹ òkúta ṣe nínú igbó. Lọ́jọ́ kan, òjò ńlá rọ̀. Ìtàkùn wé mọ́ ọmọ Àgbọ̀nrín lẹ́sẹ̀ létí odò, omi sì ń kún bọ̀. Àgbọ̀nrín sáré tọ Òkété lọ.

"Ìyá Òkété, ẹ gbà mí o! Ọmọ mi ń kú lọ!"

"Má sunkún. Lọ gbé orí ọmọ rẹ sókè. Mo ń bọ̀."

Òkété ṣa akọ òkúta, ó ń lù wọ́n wò. Èyí tó dún bí ìkòkò tó sán, ó sọ ọ́ nù. Èyí tó dún gooro ló mú. Ó fi ọta odò gbá a létí, kàn! Èérún pẹlẹbẹ bọ́. Ó ń fi ṣóńṣó ìwo ẹran tẹ etí èérún náà díẹ̀díẹ̀, títí ó fi mú bí abẹ.

Ọ̀bọ ń wò ó láti orí igi. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Bí èmi bá fi ọ̀bẹ yìí gé ìtàkùn, Baba ni gbogbo igbó yóò máa pè mí."

Òkété kẹ̀yìn láti wá okùn tí yóò fi di èèkù. Ọ̀bọ fò wálẹ̀, ó gbé ọ̀bẹ. Kó tó rìn jìnnà, àwọn ẹranko tó gbọ́ igbe Àgbọ̀nrín ti dé wìtìwìtì. Kí ló ṣe? Ó jókòó lé e! Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ibẹ̀ là ń fi nǹkan mímú sí?

"Ọ̀bọ, ṣé o rí ọ̀bẹ mi?"

"Èmi kẹ̀? Ẹ wo ọwọ́ mi, Ìyá. Òfìfo ni."

"Dìde, jẹ́ kí n wò ọ́."

"Ẹsẹ̀ ń ro mí, Ìyá."

Òkété mọ̀ pé Ọ̀bọ kì í gbọ́ orin kó má jó. Ó mú òkúta méjì, ó ń lù wọ́n mọ́ra. Ẹ bá mi gbè é:

Ta ló bá mi rí ọ̀bẹ òkúta?
*Kan-kan-kàn!*
Ọmọ Àgbọ̀nrín wà nínú ìtàkùn,
*Kan-kan-kàn!*
Omi ń kún, omi ń bọ̀,
*Kan-kan-kàn!*
Ẹni tó nídìí, kó bá mi jùdí!
*Kan-kan-kàn!*

Ọ̀bọ di ara mú. Èjìká rẹ̀ ń mì. Ó gé ètè jẹ. Nígbà tó yá, ìdí kò gbọ́ mọ́. Ó jù ú sọ́tùn-ún, ó jù ú sósì...

"Yéè! Ìdí mi o!"

Ó ta sókè. Ọ̀bẹ rèé nílẹ̀, irun ìdí Ọ̀bọ rèé lára rẹ̀!

Òkété kò dúró bá a wí. Ó gbá ọ̀bẹ mú, ó sáré lọ sódò. Omi ti dé àgbọ̀n ọmọ náà. Ó gé ìtàkùn, ó já! Ọmọ fò mọ́ ìyá rẹ̀ láyà.

Ọ̀bọ já ewé fi bo ìdí, ṣùgbọ́n irun kò hù níbẹ̀ mọ́. Ohun tó fà á nìyẹn tí ìdí Ọ̀bọ fi pá, tó sì pọ́n títí dòní.

Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó bẹ Ọ̀bọ kó kẹ̀yìn sí òun.