Òkun Tútù, Oko Gbígbẹ

Ìyá ìyàwó Ọ̀jẹ́wálé, tó ń ta ẹja létí òkun, pè é lórí fóònù sí Ìsẹ́yìn.

"Àna mi, má tíì gbin àgbàdo. Ara òkun latẹ́gùn ti ń bu òjò wálé, òkun sì tutù nini lọ́dún yìí; òkun tútù kì í fún atẹ́gùn lójò."

Ọ̀jẹ́wálé rẹ́rìn-ín. "Ìyá, òkun yín jìnnà sóko mi." Bí òjò kan ṣe rọ̀, ó gbin gbogbo irúgbìn tó ní. Ni òjò bá dá. Àgbàdo hù, ó gbẹ.

Ìtìjú ò jẹ́ kó lè pe Ìyá. Ìyá ló pè, nígbà tó gbọ́ lẹ́nu ọmọ rẹ̀.

"Omi òkun ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, òjò ń bọ̀. Òkun tútù tó pa oko rẹ ló kó ẹja sáwọ̀n wa. Ẹja ọ̀hún ni mo tà, tí mo fi ra irúgbìn ránṣẹ́ sí ọ. Igi tó máa gúnni lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ó ti gún ọ ná. Jẹ́ ká bá ọ yọ ọ́."