Ehoro àti Akèrègbè Abẹ́ Òfì

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi sáré, sáré, oòrùn là á mọ́lẹ̀. Orí Ehoro ló ṣubú lé. Àdùfẹ́, dákẹ́ ẹ̀rín, n kò tíì débẹ̀.

Ní ìgbà kan rí, ọ̀gbẹlẹ̀ mú nílùú àwọn ẹranko. Oko àkùrọ̀ kan ṣoṣo ló ṣì tutù. Erin ọba ní kí wọ́n sáré lọ́sàn-án gangan láti orí òkè dé etí odò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ló ni oko. Ìkòkò omi àwọn èrò ọ̀nà wà lábẹ́ igi lójú ọ̀nà. Ẹni òùngbẹ ń gbẹ, kó dúró mu.

Ehoro ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu. Ó jí lọ ní ìdájí, ó da gbogbo omi náà nù. Ó so akèrègbè omi tirẹ̀ mọ́ ìbàdí, ó wá wọ agbádá òfì lé e kí wọ́n má baà rí i. Òfì o, nínú ẹ̀ẹ̀rùn!

Nígbà tí òun, Etu àti Ajá pé sórí òkè láti sáré, Etu ní, "Ehoro, aṣọ yìí mà nípọn."

"Aṣọ tí n ó fi gba oko ni. Sá tìrẹ!"

Nígbà tí Etu àti Ajá dé ìdí ìkòkò, wọ́n bá a ní gbígbẹ. Ajá yọ ahọ́n síta. "Etu, ẹni tó bá wà láàyè ló ń roko. Jẹ́ ká jókòó síbòji."

Ehoro ń sá lọ níwájú. Ara rẹ̀ gbóná janjan, orí rẹ̀ dàrú. Akèrègbè ń lù ú ní ìbàdí: kó, kó, kó.

"Ta ló ń kanlẹ̀kùn? Ẹ wọlé!"

Kó, kó, kó.

"Mo ní ẹ wọlé!"

Ó yí padà, ó ń sá lọ sókè tó ti ń bọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún igi ọ̀pẹ. "Ẹ kúulé o, baba ìyàwó mi. Odò dà?" Ọ̀pẹ ò fọhùn. Ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ dé ọ̀dọ̀ Etu àti Ajá, ó ki orí bọ inú ìkòkò gbígbẹ.

"Ìkà lẹni tó da omi yìí nù! Ta ni?" Ó ronú. "Àbí èmi ni?"

Ó ṣubú gbì.

Ẹ̀rù ba Etu. "Ajá, ó ń kú lọ! Bọ́ ẹ̀wù rẹ̀!" Wọ́n bọ́ òfì, wọ́n bá akèrègbè tó kún dẹ́múdẹ́mú. Ehoro ò tíì fẹnu kàn án rárá.

Ajá gbé itọ́ mì. "Ṣé ká mu ún?"

Etu gbé akèrègbè náà. Ó da omi náà sí Ehoro lórí àti láyà, Ajá sì ń fi òfì fẹ́ ẹ, títí ó fi lajú.

"Ẹ ṣeun o. Níbo lẹ ti rí omi?"

"Ní ìbàdí rẹ ni."

Nígbà tí oòrùn rọ̀, Etu àti Ajá rọra rìn dé odò, wọ́n gba oko. Ehoro ń wọ́ tẹ̀ lé wọn, ojú ń tì í.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ìkà á ka oníkà. Bí oòrùn bá sì mú ọ, jókòó. Kò sí oko tó tó ẹ̀mí. Bí mo bá purọ́, kí akèrègbè ọwọ́ mi yìí má ró: kó! kó! kó! Àdùfẹ́, ìwọ tó ti ń sáré nínú oòrùn láti àárọ̀, gbà, mu omi.